Yàtọ̀ sí máàkì 10 sí 9, ọ̀nà wo ló tún wà láti dá ẹjọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ bó ṣe tọ́?

Ọ̀nà wà, àmọ́ kò sí èyí tí kò ní àléébù tiẹ̀.

Nínú 10 sí 9, ẹni tó borí nínú ráùndì kan máa ń gba 10, ẹnìkejì sì máa ń gba 9. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó fi díẹ̀ borí nínú ráùndì kan àti ẹni tó lu ẹnìkejì bí ẹni lu bàrà, máàkì kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ní kí wọ́n máa lo ìdajì: 10 sí 9 àbọ̀ fún ráùndì tó sún mọ́ra.

WBC, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń darí ìjà ẹ̀ṣẹ́ lágbàáyé, máa ń ka máàkì síta lẹ́yìn ráùndì 4 àti 8 nínú àwọn ìjà kan. Ó dáa, kò ní sí pé èsì ṣàdédé já lu èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun ń borí lè máa sá kiri.

Lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́ Roy Jones Jr., akànṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, jẹ ní gbangba ní Òlíńpíìkì Seoul lọ́dún 1988, Òlíńpíìkì gbé ẹ̀rọ dé ní 1992 kí ẹ̀ṣẹ́ kan tó lè wọlé: adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀ṣẹ́ ikùn wá di ohun tí wọn kì í sábà kà nígbà náà, kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ náà tì.

Èmi fara mọ́ adájọ́ márùn-ún, kí wọ́n yọ máàkì tó ga jù àti èyí tó kéré jù. Ní 2017, nígbà tí Canelo àti Golovkin jà, àpapọ̀ máàkì tí adájọ́ kan kọ jẹ́ 118 sí 110 fún Canelo, èkejì 115 sí 113 fún Golovkin!

Níbi dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ ìbílẹ̀ àwọn Hausa, ní Dei-Dei, l'Ábújá níbí, a kì í kọ máàkì: bí ọwọ́ tàbí orúnkún bá ti kanlẹ̀, ó parí.