Oyin tó ń yé ẹyin sílé olóyin

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí kòkòrò kan tó jọ agbọ́n, ara ẹ̀ ń dán, ó ń rábàbà lójú ihò táwọn oyin kan gbẹ́ sílẹ̀, nígbà tó yá ló bá wọlé. Ṣé oyin wọn ló fẹ́ jí ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an. Ó jọ pé Nomada lẹ rí yẹn, oyin lòun náà, kì í ṣe agbọ́n rárá. Kì í kọ́lé, kò tiẹ̀ nírun tó máa fi kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó, ṣe ló máa ń ṣọ́ onílé títí tó fi máa jáde, á wá yọ́ wọlé, á yé ẹyin sínú yàrá tí wọ́n kó oúnjẹ ọmọ sí, á bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá jáde látinú ẹyin yẹn, ẹnu ẹ̀ mú, ó tẹ̀ bíi dòjé, òun ló fi ń pa ẹyin tàbí ọmọ onílé kó tó jẹ gbogbo oúnjẹ tán. Ìkà pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn síhò yẹn o, tẹ́ ẹ bá ń rí Nomada níbẹ̀, á jẹ́ pé àwọn oyin tó ń kọ́lé ṣì wà níbẹ̀ dáadáa, torí kò lè bímọ láìsí wọn.