Ooru oṣù July nínú camper van: láti Houston dé Grand Canyon pẹ̀lú Màmá àti ọmọ kékeré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni à ń gbé. A fẹ́ háyà camper van, ọkọ̀ tí ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀, ní oṣù July láti lọ wo Grand Canyon, àfonífojì ńlá tó wà ní Arizona: èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rin, àti màmá mi tí wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ̀ náà ní AC àti fáànù kan lórí òrùlé, pẹ̀lú bátìrì lithium 200 Ah. Ẹni tó ni ín ní AC náà á ṣiṣẹ́ mọ́jú láìsí iná níta. Ṣé òótọ́ ni? Báwo la ṣe máa ṣe é tí ooru kò fi ní pa wá lára?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì 200 Ah tó jẹ́ 12 volt ní nǹkan bí 2,500 watt-hour nínú. AC orí ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní 13,500 BTU, ń fa 1,300 sí 1,500 watt nígbà tí compressor rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, inverter náà á sì jẹ díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí compressor kò bá sinmi rárá, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ máa rí. Bí òru bá tutù díẹ̀ tó sì ń sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá wákàtí mẹ́ta. Iná á tán láàárín òru, nínú ọkọ̀ tí ẹ ti sé fèrèsé rẹ̀ pa. Fáànù òrùlé yàtọ̀: kì í sábà fa ju amp 3 sí 5 lọ kódà bó bá ń sáré jù, bátìrì yẹn á gbé e di àárọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nítorí náà, ọ̀nà tí ẹ bá gbà àti ibi tí ẹ bá sùn ló máa mú yín tutù ju ẹ̀rọ lọ. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni ooru ń dínkù, nǹkan bí 3 sí 5°F fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gba ọ̀nà I-10 lọ sí Phoenix ní Arizona. Phoenix kò ga ju nǹkan bí 1,100 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó sì máa ń kọjá 105°F lọ́sàn-án oṣù July. Òru ibẹ̀ gan-an kì í tutù. Ẹ gba I-45 dé Dallas, kí ẹ bọ́ sí US 287 títí dé Amarillo, lẹ́yìn náà I-40 lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Amarillo ga tó 3,600 ẹsẹ̀ bàtà, Albuquerque tó 5,300, Flagstaff sún mọ́ 7,000, etí Grand Canyon lápá gúúsù sì tó 7,000. Lórí ọ̀nà yìí, alẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ló le. Bí ẹ bá sùn sí agbègbè Wichita Falls, Texas ni ẹ ṣì wà, ooru ibẹ̀ kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ ti san owó ibi ìpàgọ́ tó ní iná fún ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Láti Albuquerque lọ, fáànù àti fèrèsé á máa tó yín lóru, ẹ tiẹ̀ lè wá aṣọ ìbora fún Màmá.

Ní ibi tó ní iná, sọ́kẹ́ẹ̀tì 30 amp ni kí ẹ lò. Ẹ má fi wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ ti ilé so AC, torí á gbóná, ẹnu rẹ̀ á sì yọ́. Wáyà tó nípọn, 10 gauge, ló yẹ. Ohun tó máa ń ba AC jẹ́ jù lọ́sàn-án gangan ni kí gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ tan AC tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí iná wá lọ sílẹ̀. Ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá fi hàn pé iná ti rẹlẹ̀ ju 105 volt lọ, ẹ pa AC títí iná á fi gbé pẹ́ẹ́lí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ compressor á jóná. Ẹ tan AC kí inú ọkọ̀ tó gbóná, ẹ má dúró dìgbà tó bá ti dà bí ààrò. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fi tẹmọ́mítà wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ àti èyí tó ń jáde: ìyàtọ̀ wọn yẹ kó tó 15 sí 20°F. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ àwọ̀n rẹ̀, ẹ fọ eruku ara rẹ̀.

Fáànù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lódì. Ẹ jẹ́ kó máa fa afẹ́fẹ́ jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣí, èyí tó jìnnà sí fáànù jù, níhà tí oòrùn kò sí. Bí ẹ bá ṣí èyí tó wà nítòsí fáànù, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, á sì gba òkè jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó sùn lẹ́yìn ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé fáànù wà rárá. Ẹ gbé tíṣù pépà kan sí ojú àwọ̀n fèrèsé náà: bó bá ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ó ti dára. Bí kò bá mira, ẹ wá ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé mìíràn tí ẹ kò tì. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ níta bá ti kọjá 95°F, fáànù kò lè dáàbò bo àgbàlagbà mọ́. Ẹ gbé Màmá lọ síbi tó ní AC, ìbáà ṣe ilé ìkàwé tàbí ṣọ́ọ̀bù ńlá.

Láti New Mexico lọ, afẹ́fẹ́ gbẹ, kò dà bíi ti Houston tàbí Èkó. Táwẹ́ẹ̀lì tútù ní ọrùn, tàbí aṣọ tútù ní ojú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ń ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀. Ní Houston, ńṣe ni yóò kàn sọ inú ọkọ̀ di bàlúwẹ̀.

Gíláàsì iwájú ni ooru ń gbà wọlé jù. Ìbòrí dídán tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn gíláàsì nínú ọkọ̀ ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fi bò ó láti ìta ló dára jù, nítorí ooru tó bá ti kọjá gíláàsì ti wọlé nìyẹn. Bí ẹ bá dúró lọ́sàn-án, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí àríwá. Apá ọ̀tún ni àtíbàbà sábà máa ń wà lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, nítorí náà abẹ́ rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn ni ibòji á wà títí di alẹ́. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti dáná, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Ẹ ká àtíbàbà kí ẹ tó sùn tàbí kí ẹ tó jáde lọ, torí ìjì òjò ọ̀sán máa ń ṣàdédé jà ní New Mexico àti Arizona ní oṣù July. Nítorí òjò yẹn kan náà, ẹ má dúró sun ojú odò gbígbẹ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Màmá àti ọmọ. Ẹ má fi ìkankan nínú wọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ tì, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kódà bí AC bá ń ṣiṣẹ́, torí iná lè já láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ìta bá jẹ́ 80°F péré, inú mọ́tò tí wọ́n tì lè sún mọ́ 100°F láàárín ìṣẹ́jú 10, ṣíṣí gíláàsì díẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ara ọmọdé máa ń gbóná kíákíá ju ti àgbà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Ti Màmá, òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà, nítorí náà ẹ máa bu omi fún wọn ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ láìdúró kí wọ́n béèrè. Oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń mú ènìyàn tọ̀ léraléra, ó sì ń lé omi ara jáde. Kí wọ́n má dá oògùn dúró o. Kí ẹ pe dókítà wọn ní Ìbàdàn kí wọ́n tó wọ bàálù, kí ẹ béèrè iye omi tó yẹ wọ́n àti bóyá omi iyọ̀ àti ṣúgà dára fún wọn. Fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ bá làágùn púpọ̀, lítà omi kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò kún rékọjá ojú, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ gbé omi gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń làágùn yọ̀bọ̀, tí orí ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi tutù pa á lára, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn, tàbí tó dákú, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó dé, ẹ da omi sí i lára, ẹ kó yìnyín sí ọrùn, abíyá àti ìtan rẹ̀ lókè. Ẹ má fi ohunkóhun sí ẹni tó dákú lẹ́nu.

Tí ẹ bá dé Grand Canyon, ibi ìpàgọ́ Trailer Village ló ní iná fún ọkọ̀; Mather Campground kò ní. Fún Màmá, a ó mú Trailer Village. Kí wọ́n rìn jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí èémí máa ń kúrú díẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì náà láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ ni ooru ń pọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá sì máa ń kọjá 100°F.

Lójú ọ̀nà, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, gẹ́gẹ́ bí ìwé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ ṣe sọ. Ẹ má tú afẹ́fẹ́ táyà tó gbóná sílẹ̀. Bí ọwọ́ géèjì ooru ẹ́ńjìnnì bá ń gòkè níbi tí ẹ ti ń gun òkè, ẹ pa AC iwájú, ẹ tan híítà dé òpin. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ má sì fọwọ́ kan ìdérí redíétọ̀ títí yóò fi tutù.

Bí wọ́n bá fi jẹnẹrétọ̀ kún ọkọ̀ náà fún yín, ẹ má sùn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí ẹ tó sanwó háyà, ẹ tẹ bọ́tìnì aláàmù carbon monoxide kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì ka déètì ẹ̀yìn rẹ̀, torí ó ní ọdún tó máa ń lò mọ. Ẹ wo ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ 2315, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2015 nìyẹn. Irú táyà bẹ́ẹ̀ ti gbó jù: ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.