Dẹ́mò F.E.A.R.: má tíì pa á rẹ́

Àbúrò mi, o ní o ti ṣe dẹ́mò F.E.A.R. tán, ìyẹn apá díẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ eré kọ̀ǹpútà adẹ́rùbani yẹn wò kí èèyàn tó rà á. O ní o rìn káàkiri ọ́fíìsì òfìfo títí ó fi sú ọ, o rí ọmọdébìnrin aláṣọ pupa kan fìrí, o yìnbọn díẹ̀, ó sì parí. O wá ń béèrè bóyá odidi eré náà tó ohun tí èèyàn ń náwó sí. Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ jáde yìí ló ti ẹnu èmi náà jáde nígbà kan, mo sì fi odidi ọdún kan sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí.

Oṣù kẹjọ ọdún 2005 ni dẹ́mò náà jáde, odidi eré tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá. Ilé iṣẹ́ Monolith Productions ló ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi kọ ọ́ sórí sídì. Kọ̀ǹpútà mi kò lágbára nígbà náà. 512MB ni RAM rẹ̀ (àyè ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́), ìyẹn sì ni ó kéré jù tí eré náà lè gbà. Ọ̀sán gangan ni mo ṣí i ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sípíkà kékeré méjì ni mo fi ń gbọ́ ọ. Mo gbé gbogbo ètò àwòrán sókè pátápátá, títí kan soft shadows, ìyẹn òjìji tí etí rẹ̀ rọ̀, nítorí mo fẹ́ rí ẹwà rẹ̀ délẹ̀. Ni gbogbo nǹkan bá ń wọ́ bí ìgbín. Kí n tó yíjú sí ibi tí ọta ti ń bọ̀, àwọn sójà ọ̀tá inú eré ti rán mi lọ sọ́run. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú, mo ní kò sí nǹkan níbẹ̀, mo pa á rẹ́.

Ó tó ọdún kan kí n tó rí káàdì àwòrán tó dáa díẹ̀ rà sínú kọ̀ǹpútà náà. Sídì yẹn ṣì wà nínú àpótí. Òru ni mo tún un ṣe, gbogbo ilé ti sùn, mo ki earphone bọ etí, mo pa iná yàrá. Àbúrò, eré mìíràn ni mo bá pàdé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti sáré kọjá tẹ́lẹ̀, mo ń rìn ín ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń kùn nínú ògiri. Ara mi kan nǹkan kan nínú òkùnkùn, ó ṣubú gbàgà, ọkàn mi já. Èmi ni mo bì í ṣubú. Lẹ́yìn náà ni rédíò etí mi nínú eré bẹ̀rẹ̀ sí í ha ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀, mo dúró gbọin, mo ń wo òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹnì kankan. Iṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan kọjá. Kò sí ẹni tó jáde sí mi. Mo kan mọ̀ pé n kò fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tó wà níwájú. Ìrìn gígùn tí o ní ó sú ọ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn. Bí ohùn kò bá wọlé sí ọ létí, ilé òfìfo lásán ni wàá rí lóòótọ́.

Ìjà ibẹ̀ ńkọ́? O sọ pé o yìnbọn díẹ̀. Ṣé o dúró gbọ́ ohun tí àwọn sójà yẹn ń sọ? Bí tọ́ọ̀ṣì rẹ bá tàn sí ibi tí wọ́n wà, wọ́n á kígbe pé àwọn rí iná. Bí o bá sá sẹ́yìn kọ́ńtà, ọ̀kan á máa yìnbọn dá ọ dúró, èkejì á gba ẹ̀yìn yọ sí ọ. Wọ́n á dojú tábìlì dé, wọ́n á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Jeff Orkin, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ètò eré náà, ló ṣe ọpọlọ tí àwọn sójà náà ń lò, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní GDC, àpérò àwọn tó ń ṣe eré kọ̀ǹpútà, lọ́dún 2006. Ọgbọ́n kan tí àwọn onímọ̀ ti ń lò ní Stanford Research Institute láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ló tún gbé dìde: wọn kì í to ìgbésẹ̀ sílẹ̀ fún sójà, ohun tó ń lépa àti ohun tó lè ṣe nìkan ni wọ́n fún un, òun fúnra rẹ̀ á wá ọ̀nà. Àpẹẹrẹ tí ó mú wá dùn mọ́ mi púpọ̀. Fi ara ti ilẹ̀kùn kí sójà má lè wọlé. Á gbìyànjú láti ṣí i. Bí kò bá ṣí, á ta á nípàá. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, á fò gba ojú fèrèsé wọlé bá ọ. Mo ti dán an wò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí gíláàsì fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo yọ earphone létí.

N kò ní tàn ọ́ o. Ẹ̀sùn kan tí o fi kàn án tọ̀nà, odidi eré náà kò sì wẹ̀ ẹ́ nù: ọ́fíìsì lórí ọ́fíìsì, ilé ìkẹ́rù lórí ilé ìkẹ́rù, àwọ̀ eérú ni gbogbo rẹ̀, oríṣi ọ̀tá ibẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀run gbalasa àti igbó ni ọkàn rẹ ń fẹ́, fi owó rẹ pamọ́. Ṣùgbọ́n wo àwọn yàrá yẹn dáadáa, wàá rí i pé ọ̀nà méjì sí mẹ́ta ló wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà yẹn ni àwọn sójà ń rí gbà yí ọ ká.

Kí o tó tún un ṣe, pa soft shadows. Bí o bá tàn án, kò ní jẹ́ kí o lè lo anti-aliasing, èyí tó ń mú kí etí àwòrán jọ̀lọ̀, pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń jẹ agbára ẹ̀rọ gan-an. Àyẹ̀wò kan wà nínú ètò eré náà tí yóò sọ bí ẹ̀rọ rẹ ṣe ń sáré sí fún ọ. Ṣe é kí o tó bẹ̀rẹ̀, èmi kò mọ̀ ọ́n nígbà tèmi. Má ṣe lo slow-mo, èyí tó ń mú kí gbogbo nǹkan falẹ̀ lójú rẹ, ní ìnákúnàá. Dúró títí wọn yóò fi rọ́ wọlé, kí o tó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni wàá rí bí ọta ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá, tí ipa rẹ̀ ń mì lẹ́yìn rẹ̀ bí omi, tí gílóòbù tí ọta bà ń fì sọ́tùn-ún sósì, tí òjìji gbogbo yàrá ń bá a fì.

Bí ìjà bá sì parí, má sáré jáde. Dúró síbẹ̀. Eruku ara ògiri á gba gbogbo yàrá, ìwé á fọ́n ká ilẹ̀, wàá ṣì máa gbọ́ ẹni tó kù nínú wọn tó ń ké sí rédíò pé kí wọ́n rán èèyàn wá ran òun lọ́wọ́. Orkin ní àwọn kò ṣe ètò kankan tí ẹnikẹ́ni yóò fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí o bá rí àwọn sójà mìíràn ní yàrá tó kàn, wàá rò pé ẹni tó ń ké yẹn ló pè wọ́n.