Kámẹ́rà tó ń ka ooru ọmú: ṣé ó lè rọ́pò mammogram?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà wa. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn níbí. Ẹni ọdún 38 ni mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan wá ta kánópì sí ọjà wa, wọ́n ní àwọn ní kámẹ́rà kan tó ń rí jẹjẹrẹ ọmú láìfọwọ́ kan èèyàn. Wọ́n ní kò ní ìtànṣán, kò dunni, àti pé ẹni tó bá ti ṣe é kò nílò mammogram, ìyẹn àwòrán ọmú tí wọ́n ń fi ìtànṣán yà, mọ́. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa àbúrò ìyá mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára. Mo sọ fún wọn pé ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń fọwọ́ ba kókó kékeré kan lọ́mú òsì. Wọ́n ní kámẹ́rà náà á sọ bóyá nǹkan gidi ni. Ṣé kí n sanwó rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má san án, ìyá aláṣọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kókó yẹn ná, torí ẹ̀yìn lẹ sọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Àyẹ̀wò méjì làwọn èèyàn máa ń pa pọ̀. Ọ̀kan wà fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, tí a kàn ń wá ohun tó lè ti fara pamọ́ sí i lára. Èkejì wà fún ẹni tó ti rí nǹkan: kókó, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu ọmú, orí ọmú tó wọnú lójijì, awọ ọmú tó ń sunkì. Ẹ̀yin ti kúrò ní ti àkọ́kọ́. Kò sí kámẹ́rà, kò sí ẹ̀rọ tuntun kankan tó yẹ kó sọ fún ẹni tó ti ń fọwọ́ ba kókó fún oṣù méjì pé kó máa lọ sílé, kò séwu.

Ohun tó kàn yín ni pé kí dókítà fọwọ́ yẹ ọmú méjèèjì àti abíyá yín wò, kí wọ́n sì fi ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, wo kókó náà. Òun la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, mammogram sì lè tẹ̀ lé e. Bí ohun tí wọ́n rí bá mú ìfura lọ́wọ́, wọ́n á fún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn yín, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ mìíràn mú bíńtín nínú kókó náà lọ fún àwọn tó ń fi máíkírósíkópù wo ẹran ara. Èsì wọn nìkan ló lè sọ pé jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin gbà pé abẹ́rẹ́ yẹn máa ń tú jẹjẹrẹ ká sí gbogbo ara. Ìbẹ̀rù yẹn ti dá ọ̀pọ̀ dúró sílé títí ọmú fi di egbò, ó sì ń dùn mí gan-an, torí pé ìdádúró ló ń pa wọ́n, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọmú ní irú ọjọ́ orí yín kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ooru ara náà ò sì lè yà wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kó jẹ́ pé láàárín 60 ọjọ́ sí ìgbà tí obìnrin bá kọ́kọ́ gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ elétò ìlera, wọ́n ti mọ ohun tó jẹ́. Tiyín ti lo 60 ọjọ́ sílé, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ó yá, kámẹ́rà. Kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Lọ́dún 1956, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Montreal ní Kánádà, Ray Lawson, kọ ọ́ sílẹ̀ pé awọ tó bo jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń gbóná ju awọ ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀: jẹjẹrẹ tó ń dàgbà máa ń fa iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá sì pọ̀ sí á gbóná. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n fi kámẹ́rà ooru kún ètò ńlá kan tó ń wá jẹjẹrẹ ọmú ní Amẹ́ríkà tí obìnrin tó lé ní 280,000 kópa nínú rẹ̀, níbi tí mammogram àti ọwọ́ dókítà náà ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ kámẹ́rà ooru kúrò níbẹ̀, torí jẹjẹrẹ tó ń gbójú fò ti pọ̀ jù. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fàyè gbà á lọ́dún 1982 pé kó máa ran mammogram lọ́wọ́. Wọn ò gbà pé kó dá dúró, wọ́n sì ti kìlọ̀ lóríṣiríṣi ìgbà fáwọn tó ń polówó rẹ̀ pé ó ń rọ́pò mammogram.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ ka ooru ọmú dáadáa, yàrá tútù ló ń lò. Obìnrin á bọ́ aṣọ òkè, á jókòó bíi ìṣẹ́jú 15 kí awọ rẹ̀ lè bá yàrá náà dọ́gba, kò sì ní ká apá mọ́ àyà. Lábẹ́ kánópì ní Gbági, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí ẹ ti ru aṣọ láti àárọ̀, oòrùn ni kámẹ́rà yẹn máa kà.

Mi ò bá ẹ̀rọ tuntun ṣọ̀tá. A nílò wọn lójú méjèèjì. Mammogram wọ́n, ó ń fẹ́ iná tó dúró ire, àwọn tó mọ̀ ọ́n kà kò sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa tó ń ní jẹjẹrẹ ọmú ni kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, ọmú ọ̀dọ́ sì máa ń funfun lórí àwòrán, jẹjẹrẹ náà á funfun, ó wá ṣòro láti rí èyí nínú ìyẹn. (Ní ti ìtànṣán inú rẹ̀ tí wọ́n fi dẹ́rù bà yín, kò ju ohun tí ara gbogbo wa ń gbà láti inú ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ní bí ọ̀sẹ̀ méje lọ.) Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ọ̀nà tó rọrùn wá, inú mi á dùn sí i. Ìbéèrè mi ni pé, báwo lẹ ṣe dán an wò?

Ilé-Ifẹ̀ ni kí ẹ bá mi wò. Níbẹ̀, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá ti OAU àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti New York dán ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ iBreastExam wò, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2022. Ọwọ́ kan gbé e. Nọ́ọ̀sì á máa gbé e lé ọmú láti ibì kan dé ibì kejì, á rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á wọn bí ẹran ibẹ̀ ṣe le tó, èsì á sì hàn lójú fóònù. Kò ní ìtànṣán, kò sì dunni. Obìnrin tó lé ní 400 ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà wò, dókítà oníṣẹ́ abẹ tún fọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán ọmú wọn, yálà ẹ̀rọ ní wọ́n ní nǹkan lára tàbí kò sọ bẹ́ẹ̀.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá tẹ̀ lé kìkì àwọn tí ẹ̀rọ ní wọ́n ní nǹkan lára, báwo lẹ ṣe máa mọ àwọn tó gbójú fò? Ilé wọn ni wọ́n máa wà, inú wọn á máa dùn. Ẹni tó bá ní "a ti yẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn wò, a rí jẹjẹrẹ lára ogún" kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Èsì Ifẹ̀ fi hàn pé ní ti kókó tó mú ìfura lọ́wọ́, ẹ̀rọ ọwọ́ nọ́ọ̀sì àti ọwọ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún abúlé tí kò ní dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń sọ pé àwọn tí kókó kankan kò sí lára wọn ní nǹkan lára, ju bí dókítà ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ẹ wò ó báyìí: ká ní 1,000 obìnrin tò sábẹ́ kánópì, tí 5 nínú wọn ní jẹjẹrẹ, tí ẹ̀rọ kan sì ń mọ 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in, tó sì ń mọ 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní in. Á rí mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ní in. Nínú 995 yòókù, á dẹ́rù ba bíi ọgọ́rùn-ún tí nǹkan kan ò ṣe. Ta ló máa sanwó ultrasound ọgọ́rùn-ún wọ̀nyẹn? Ẹni tí kò bá ní èsì sí ìbéèrè yẹn kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń ta kánópì.

Rírí jẹjẹrẹ pàápàá kì í ṣe òpin. Ní Shanghai ní Ṣáínà, láti 1989, wọ́n ṣẹ́ gègé pín obìnrin tó lé ní 266,000 tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ sí ọ̀nà méjì, wọ́n kọ́ ìdajì bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yẹ ọmú ara wọn wò. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2002, iye tí jẹjẹrẹ ọmú pa níhà méjèèjì dọ́gba, àwọn tí wọ́n kọ́ sì gba abẹ́rẹ́ nítorí kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ju àwọn yòókù lọ. Ní Mumbai ní Íńdíà, àwọn obìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìlera ló ń fọwọ́ yẹ àwọn mìíràn wò lọ́dún méjì-méjì. Ó gba ogún ọdún kí èsì tó jáde lọ́dún 2021. Jẹjẹrẹ tètè hàn, ikú àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún sì dín kù bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tó kéré sí wọn, kò hàn bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má fọwọ́ kan ọmú yín o. Ọwọ́ yín ló rí kókó yìí.

Nítorí náà, ọjọ́ Ajé, ẹ dá ẹnì kan sí ìsọ̀ yín, kí ẹ lọ sí UCH. Ẹ bi ìyá yín léèrè ọjọ́ orí tí jẹjẹrẹ mú àbúrò rẹ̀, àti bóyá ẹlòmíràn ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin nínú ìdílé, ẹ kọ ọ́ síwèé. Bí ẹ bá ti ṣe scan kankan rí, ẹ mú àwòrán rẹ̀ dání. Bí wọ́n bá wá dá ọjọ́ tó jìnnà fún yín, ẹ sọ ọ́ ketekete fún wọn pé kókó lẹ bá wá, ó ti tó oṣù méjì, kì í ṣe àyẹ̀wò ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.