Ológbò tó bímọ sínú ọgbà yín: ẹni tí ẹ máa pè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì kó àwọn ọmọ ológbò yẹn kúrò lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì yín o. Ẹ ní ẹ ò rí ìyá wọn láàárọ̀. Oúnjẹ ló ṣeé ṣe kó wá lọ. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ máa wò wọ́n fún wákàtí mélòó kan. Bí ara wọn bá tutù, tí wọ́n ń ké láìdákẹ́, tí ìyá ò sì dé, ìgbà yẹn ni kí ẹ sáré wá ìrànwọ́.

Ní London tí ẹ wà, Cats Protection, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ológbò, ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ sọ fún wọn pé ológbò tí kò mọ èèyàn ni, kì í ṣe tilé tó sọnù. Kéèjì tó máa ń ti ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú irú wọn. Dókítà ẹran á ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá kó má baà bímọ mọ́, á gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan kí wọ́n lè dá a mọ̀, wọ́n á sì dá a padà.

Ti àwọn ọmọ ló ń kán mi lójú. Bí wọn ò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ, ara wọn ṣì lè mọ́ èèyàn, kí wọ́n sì rílé gbé. Tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń le gan-an.

Ẹ gbé omi àti oúnjẹ ológbò sílẹ̀ fún ìyá, àmọ́ kó jìnnà díẹ̀ síbi tí àwọn ọmọ sùn sí. Ẹ má fún un ní mílíìkì, inú ológbò kì í sábà gbà á.