Èsì: Ìpolówó ọjà nígbà ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́
Ẹ béèrè bí ilé-iṣẹ́ yín ṣe lè polówó ohun mímu nígbà ọdún Ṣàngó láìfi ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ẹ tó ya àwòrán kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ààfin, kí ẹ sì bá àwọn Mọ́gbà, ìyẹn àwọn àgbà àwòrò Ṣàngó, sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn ló mọ ohun tí gbogbo ayé lè rí àti èyí tí kò gbọdọ̀ kúrò ní ojúbọ. Bàtá ni ìlù Ṣàngó (inú máa ń bí mi bí wọ́n bá fi dùndún rọ́pò rẹ̀ nínú ìpolówó), nítorí náà àwọn àyàn Ọ̀yọ́ gan-an ni kí ẹ pè, kí ẹ sì sanwó gidi fún wọn. UNESCO ti ka ọdún yìí mọ́ àṣà àjogúnbá aráyé ní 2023.