Èsì: Bátìrì sóólà fún òde akẹ́kọ̀ọ́ ní pápá

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin àbúrò. Ẹ béèrè pé bátìrì 12V 100Ah tí ẹ fẹ́ gbé sínú àpótí onítáyà, ṣé ó lè gbé sípíkà, máìkì àti gílóòbù fún wákàtí mẹ́rin láìtan jẹnẹrétọ̀.

Irú bátìrì wo ni? Bó bá jẹ́ LiFePO4 (irú bátìrì lítíọ́mù kan), ó gba bíi 1,280Wh (Wh ni iye wáàtì tí ẹrù ń jẹ lọ́nà iye wákàtí). Ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ilé, á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó rí bíi 1,100Wh lò. Bí gbogbo ẹrù yín ò bá ju 250W lọ, 1,000Wh ni wákàtí mẹ́rin máa jẹ. Ó tó, àmọ́ kó má tètè di ibi tí gbogbo ilé ìwé ti ń ṣáájì fóònù o! Bó bá jẹ́ bátìrì olómi, ẹ má lò ju ìdajì iná rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní pẹ́ kú.

Ínfátà gan-an ni kí ẹ fojú sí. “Pure sine wave”, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti iná ilé, ni kí ẹ rà. Àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn lè mú kí sípíkà máa kùn bí oyin. Ínfátà tó jẹ́ 1,000W lè fa ju 80A lọ lára bátìrì 12V, nítorí náà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ò wọ̀ ọ́ rárá. Ẹ fi fúùsì, tó máa ń já bí iná bá pọ̀ jù, sí ẹ̀gbẹ́ orí pọ́sítíìfù bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà.

Páńẹ́ẹ̀lì sóólà tó ń ṣáájì bátìrì ńkọ́? Ẹ má gbé e sábẹ́ igi. Òjìji díẹ̀ lásán ń gé iná rẹ̀ kúrú.

Kí ẹ tó ti àpótí náà pa, ẹ fi àwòrán inú rẹ̀ síbí ká rí i.